Aṣọ Pupa Lójú Ilé Wa

Inú ń bí mi títí di òní, n ò sì ní í purọ́ pé kò bí mi. A háyà ilé kan ní Kábbà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán, tó ń gbẹ́gi, tó ń hunṣọ, kí wọ́n lè ríbi pàtẹ iṣẹ́ wọn. Kọ́bọ̀, a kì í gbà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá pe ará ìlú wá wò ó, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ta ló ń wá? Ewúrẹ́.

Lọ́dún yìí, ó kan ọmọbìnrin kan, ọmọ Bùnú. Ìyá àgbà rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń ta sójú ilé bí ẹni ńlá bá kú. Nígbà tí ìyá náà fúnra rẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó ta fọ́nrán òwú kan fún un. Ọmọ yìí wá hun ọ̀kan ní ìrántí rẹ̀, a sì ta á síwájú ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ.

Ẹ wá wo èrò! Ọ̀kadà ń já wọn sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tí kò ráyè wo àwòrán rí ń kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọ́n ń bi wá pé olóyè wo ló lọ. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo ṣe sọ pé ìyá ahunṣọ kan ni, ojú wọn yí padà. Ẹlòmíì tiẹ̀ pòṣé.

Lánlọ́ọ̀dù wa dé, bàbá olóyè ni. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ ta ìpò fún ẹni tí kò joyè kankan. Ó ní ká ká a kí oòrùn tó kàtàrí, tàbí ká kó ẹrù wa jáde.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Bùnú. “Okun o, bàbá. Ta ló hun èyí tí ẹ ta fún bàbá yín?”

Bàbá wo aṣọ náà. “Ìyá rẹ àgbà ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ ká a.”

Ó mọ̀ ọ́n! Ká ní kò mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá forí jì í. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ọlá fún bàbá wọn, òun ni kò wá yẹ lẹ́ni à ń bọlá fún? Irú ìwà wo nìyẹn?

Mo wo ọmọ náà, torí òun ló ni aṣọ. A ò níbòmíì tí a ó kó àwọn ọ̀dọ́ yẹn lọ, òun náà sì mọ̀. Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. N ò lè ká a. Ìyá àgbà mi ò tíì gbàlejò tán.”

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé náà lápò, mo fi lé bàbá lọ́wọ́.