Ibi Tí Awakọ̀ Ń Dúró Sí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Ìbejì fi ń gbé àwọn ará ìlú ńlá lọ sinmi létí adágún ní ọjọọjọ́ Sátidé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti fọ mọ́tò, á ti wo ọ́yìlì àti táyà. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ iléèwé nínú yàrá iwájú ilé wọn, kò bá a lọ rí. Kò bá a jà sí i, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí ọkọ rẹ̀ bá ti wọlé, á dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Látìgbà táwọn ìbejì sì ti kó lọ sílé ara wọn, ilé ti pa lọ́lọ́.

Ní Sátidé kan, oníbàárà pe fóònù láàárọ̀ pé ara ọmọ òun ò yá, àwọn ò lè lọ mọ́. Mọ́tò ti mọ́ tónítóní. Bàbá Ìbejì yọjú sí yàrá iwájú.

"Ìyá Ìbejì, o ò ṣe jẹ́ ká lọ?"

"Lọ síbo?"

"Adágún."

Obìnrin náà wo aṣọ tó kún orí tábìlì. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ àyà búláòsì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n wá bàtà mi."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò ló lọ ṣí.

"Ṣé dírẹ́bà ẹ ni mí ni?"

"Kí wá ni iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì bọ́ sí ìjókòó iwájú.

Bí wọ́n ti jáde nílùú báyìí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. "Lápá ọ̀tún yín, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì láyé àtijọ́. Lórí òkè yìí, atẹ́gùn gba fìlà lórí oníbàárà mi kan, a wá a títí, a ò rí i."

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. "Bàbá Ìbejì, èmi lẹ̀ ń pè ní 'yín'?"

Ọkùnrin náà panu mọ́. Ojú tì í.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́."

Ó dùn mọ́ obìnrin náà, ó sì tún dùn ún. Ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ òun ń tán sí nìyí, lọ́dọ̀ àwọn àlejò?

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkọ rẹ̀ páàkì sábẹ́ igi, ó fa ìjókòó sẹ́yìn. "Lọ wo omi. Mo wà níbí."

"Ibí lẹ máa ń wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè fi mọ́tò sílẹ̀."

"Látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́?"

"Mo máa ń rí omi náà díẹ̀ láàárín igi."

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, obìnrin náà rò pé ọkọ òun ń lọ jayé ni. Ó na ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́. "Ó yá, ẹ bọ́lẹ̀."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó rọra ti ẹsẹ̀ bọ omi. "Ó tutù," ló ní.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé ni ìyàwó rẹ̀ bi í ìdí tí kì í fi í sọ̀rọ̀ nílé.

"Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ máa ń dún."

"Ẹ̀rọ náà ṣáà ní ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Látìgbà náà, Bàbá Ìbejì kì í gba iṣẹ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìlú kékeré kan tó wà lẹ́yìn òkè ni wọ́n lọ, ọkùnrin tó mọ gbogbo ọ̀nà sì ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfìgbà tí wọ́n délé.