Ẹ́ńjìnnì Tí Rùfáì Yí sí Ọ̀tún

Rùfáì ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò ní Lọ́kọ́jà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Ìlọrin wá. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan bààlú. Wẹ́dà ni mí ní àdúgbò Gadumo níbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ti kàn án, fún ọdún mẹ́fà.

Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìjàpá ló fi sí i. Abẹ̀bẹ̀ onígi tí yóò máa fa bààlú náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ. Ó ba mẹ́ta jẹ́ kó tó rí ẹyọ kan mú. Èmi ni mo jó àwọn irin rẹ̀ pọ̀. Mi ò gbà pé yóò fò, ṣùgbọ́n mo jó o dáadáa.

Sámúẹ́lì tó ń lẹ táyà níwájú wa kì í jẹ́ kó sinmi.

"Páílọ́ọ̀tì, ìgbà wo lò ń gbé wa lọ Mẹ́kà?"

"Onígbàgbọ́ bíi tìẹ, kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Mẹ́kà?"

"Ibi tó o máa já sí ni mo fẹ́ lọ wò."

Rùfáì á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àna rẹ̀, Àáfà Àbùbákàr, ló ń dùn ún. Bàbá náà ti sọ fún Jẹ̀mílátù ọmọ rẹ̀ pé wèrè ló fẹ́. Rùfáì bẹ̀ ẹ́ kó wá wo bààlú náà ní Sátidé. Kí bàbá yìí rí òun lókè lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó ń wá nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ sìnkú ní Kàbà. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Jímọ̀, Rùfáì ti lọ kírun. Mo ta okùn láti ìrù bààlú dé imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gún, bí mo ṣe ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì fi sẹ̀ntímítà méjì yà sí ọ̀tún. Mo wo ìdí rẹ̀. Rùfáì ti ki wásà, òrùka irin pẹlẹbẹ, mẹ́rin mẹ́rin sábẹ́ bóòtù méjèèjì apá òsì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bí o bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ, tún un ṣe, má sọ. Bí o bá sọ, o dójú tì í. Bẹ́ẹ̀ ni àwa wẹ́dà àtijọ́ ń ṣe. Mo ro ti àna Rùfáì tó ń bọ̀ lọ́la. Mo yọ wásà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo dè é padà, mo da ìdérí bò ó. Ẹ́ńjìnnì gún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, lọ́rì ló gbé bààlú náà gun òkè Àgbájà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Àwọn àgbẹ̀ Òwòrò fi oko sílẹ̀ wá wòran. Rùfáì jókòó sínú bààlú, Àáfà náà dúró ń wò ó. Bààlú sáré, ó gbéra. Kò tíì ga ju òrùlé ilé lọ tí imú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òsì. Mo rí ìrù rẹ̀ tó ń jà láti dá a padà. Apá òsì rẹ̀ kọ lu igi irúgbá.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Rùfáì nísàlẹ̀ orúnkún. Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ kí i.

Ó ní, "Bàbá, kò yé mi. Bí abẹ̀bẹ̀ yẹn bá ti ń yí kíkankíkan, òsì ló máa ń fẹ́ fa imú sí. Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ki wásà sí i nìyẹn, kí ẹ́ńjìnnì kọjú sọ́tùn-ún díẹ̀, kó lè máa lọ tààrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n."

"Èmi ni mo yọ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Mo rò pé o ṣì í ṣe ni. Mi ò fẹ́ kójú tì ọ́ níwájú àna rẹ."

"Ọdún mẹ́fà, Bàbá. Ẹ ò lè bi mí?"

  Ó ní kí n lọ sọ fún Àáfà, nítorí bàbá náà ti ń sọ káàkiri àdúgbò Paparanda pé Rùfáì kò mọ̀ṣirò. Mo lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan iye wásà.

Àáfà fọwọ́ lé mi léjìká. "Bàbá Wẹ́dà, èèyàn dáadáa ni yín. Ẹ fẹ́ bò ó láṣìírí."

Mo fi Ọlọ́run búra. Ó ní kí n má búra nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo padà lọ jíṣẹ́ fún Rùfáì pé Àáfà kò gbà mí gbọ́. Ó kọjú sí ògiri.