Àárọ̀ Tí Òrí Kọ̀ Tí Kò Dì

Òórùn kóró òrí tí Màmá ń yan ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà l'Áfọ̀n, òórùn èéfín ọlọ́ràá tó ń lẹ̀ mọ́ni nímú. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí àbúrò mi, ọmọ oṣù méjì, ṣe ń mí pẹ̀lú ìnira. Imú rẹ̀ ti dí. Bó bá gbẹ́nu lé ọmú, kò ní lè mí. Á jù ú sílẹ̀, á figbe ta. Ó ti di ọjọ́ kejì tí kò mu ọmú yó.

Òrí là ń fi pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímú. Láti Kétu, ní òdìkejì bodè, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, ni tiwa ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ti bodè pa. Ìgò òrí wa ti gbẹ, àwọn aládùúgbò náà ti fọwọ́ nu tiwọn tán. Kóró tí a ṣà lóko, igbá kan péré, ló kù.

Màmá gbé ọmọ fún Ìyá Sáfù, aládùúgbò wa. Ó gún kóró náà, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó kó o sínú ọpọ́n, ó wá ń fọwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ti lu òrí rí mọ̀ pé a kì í dáwọ́ dúró. Omi tútù là ń bù sí i díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rá á fi funfun, tí á léfòó. "Òrí ò mọ kánkán," ni Màmá máa ń wí.

Èmi ni mo ń bu omi. Ọmọ tún figbe ta, ọkàn mi dà rú, mo sáré bu omi ìkòkò orí iná, mo dà á sí i.

Ọ̀rá tó ti fẹ́ máa dì yọ́ pátá.

"Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o se ọbẹ̀?" Ìyá Sáfù ló sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ, ó wo ọpọ́n. Mo ti ń retí ìgbátí. Ọwọ́ mi ló dì mú, ó sì tì í bọ inú ọpọ́n.

"Máa lù ú. Bó bá rẹ̀ ọ́, sọ fún mi."

Ìyá Sáfù ń fi ọwọ́ kan bu omi àmù sí i. Èmi àti Màmá ń gba òrí lù lọ́wọ́ ara wa. Oòrùn mú. Apá mi kú. Ìgbà tó yá, nǹkan kan ki mọ́ mi níka.

"Màmá, ó ń wúwo!"

Òrí tó dì kò kún àtẹ́lẹwọ́. Màmá ò dúró sè é bí a ti máa ń ṣe. Ó ṣàn án lómi tútù, ó fi pa imú ọmọ. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, àbúrò mi ti sùn tọmútọmú lẹ́nu.

Mo ti dàgbà ju Màmá ìgbà yẹn lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara àbíkẹ́yìn mi ò yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì da ògì tí mo pò fún un nù. Kí n tó ronú, mo ti lé e síta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rántí bí Màmá ṣe di ọwọ́ mi mú, kí n tó pè é padà.