Ìwé Tó Ń Dàgbà Lẹ́yìn Màmá

Omi ta sí mi lójú, òórùn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí púùlù sì gba imú mi kan. Kí n tó nu ojú tán, Màmá ti dé àárín omi, wọ́n ń na apá jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn. Àwa ọmọ bárékè jókòó sí etí púùlù, à ń jẹ kuli-kuli, eruku ọyẹ́ bo gbogbo irun wa. Ní Maiduguri, níbi tí à ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri, ìyá arúgbó kan ń fi omi ṣeré láràárọ̀!

Aládùúgbò wa ni Màmá, opó sójà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Etí omi nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí wọn sí. Tí wọ́n bá ti jáde nínú púùlù, wọ́n á fi òrí para, wọ́n á wá lọ dáná ẹja tí wọ́n rà lọ́jà Baga Road. Òórùn òrí àti ẹja yẹn kì í kúrò lára aṣọ wọn.

Pátákó kan wà lára ògiri púùlù náà fún ìdíje àwọn àgbà òmùwẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi pín wọn sí ìsọ̀rí, kí ẹni ọgọ́ta má baà máa bá ẹni àádọ́rin dù ú. Orúkọ ẹni tó yá jù lọ ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, látìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ohun tí Màmá ń fẹ́ kò ju pé kí orúkọ òun wà ní ìsọ̀rí àádọ́rin. Ọ̀gá púùlù, sójà àtijọ́ kan tó jẹ́ Kanuri, ti fi aago wọn eré wọn, ó ní kò sí obìnrin kan ní ìsọ̀rí yẹn tó yá tó wọn.

Ọjọ́ ìdíje pé, wọ́n ní kí Màmá mú ìwé ọjọ́ orí wá. Wàhálà dé. Ẹni àádọ́rin ni Màmá, ṣùgbọ́n ìwé ní ẹni márùnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ sọ fún wọn pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá, ni Màmá bá lọ búra ní kóòtù, wọ́n gé ọdún márùn-ún dànù. Ta ni kò mọ ọjọ́ orí ọ́fíìsì? Ìdajì àwọn bàbá bárékè wa ló ní méjì. Bí wọ́n ṣe ti Màmá sáàárín àwọn tó kéré sí wọn nìyẹn, àwọn yẹn sì fi wọ́n sẹ́yìn pátápátá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí dé ọkàn.

Bàbá mi ní kí wọ́n padà sí kóòtù, kí wọ́n lọ búra tuntun. Màmá rẹ́rìn-ín títí.

“Èmi tí mo ti búra pé ọmọdé ni mí, kí n tún lọ búra pé àgbà ni mí? Èwo ni kí Ọlọ́run gbà gbọ́? Ìwé yẹn náà ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, màá dúró dè é nínú omi.”

Wọ́n sì dúró dè é lóòótọ́, fún ọdún márùn-ún. Ooru mú, ọyẹ́ dé, àwọn ọ̀rẹ́ mi bá àwọn bàbá wọn lọ sí bárékè mìíràn, Màmá ò fi omi sílẹ̀. Orúnkún wá ń dùn wọ́n débi pé èjìká mi ni wọ́n ń dì mú sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ìwé pé àádọ́rin, Màmá fúnra wọn ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje yẹn, àtàwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ló ń pariwo “Kaka, maza!” pé kí ìyá àgbà ṣe kíá. Màmá fọwọ́ kan ògiri. Ọ̀gá púùlù wo aago, ó tún un wò, ó ṣí fìlà. Ó lọ gbé ọ̀dà wá, ó sì kọ orúkọ Màmá sókè níṣojú gbogbo wa. Màmá dúró nínú ìró tútù, wọ́n ń kà á létèlétè.

“Bó pẹ́ bó yá,” ni wọ́n wí, “akólòlò á pe baba.”

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti lọ sinmi. Bolori, nínú Maiduguri kan náà, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní púùlù yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ gba iṣẹ́ kan, akọ̀wé ibẹ̀ wá rọra sọ fún mi pé kí n dín ọjọ́ orí mi kù díẹ̀, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ kí èmi àti ìwé mi jọ pé àádọ́rin lọ́jọ́ kan náà, torí ìyá arúgbó kan wà lórí pátákó yẹn tí mo fẹ́ lé bá.