Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìfòyà Tí Noreen Kọ Sínú Ìwé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Noreen Stobbs jẹ́, ẹ ṣí ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan ṣe lójúmọ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù á kọ ọ́ pé, "Ó jẹun, ó sùn," wọn á sì bá tiwọn lọ. Noreen ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó fi iléèwé sílẹ̀ lọ máa di bisikíìtì sínú páálí, ó sì ti lé láàádọ́ta ọdún kó tó lọ kọ́ ìwé kíkọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ ibẹ̀ ní kò tó kéèyàn kọ ọ́ pé ẹnì kan rìn, kó sọ bó ṣe rìn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Noreen lákínyẹmí ara. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó kàn ń rìn lásán mọ́ nínú ìwé búlúù. Tìfòyàtìfòyà ni wọ́n ń rìn, tìkanratìkanra ni wọ́n ń jẹun. Kódà ìyá àgbà tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, Noreen ní tìdààmútìdààmú ló fi ń wá a, bẹ́ẹ̀ orí ìyá yìí ni gíláàsì náà wà.

"Noreen, tí mo bá ń ka tìẹ, ṣe ló ń dà bíi sinimá," ni Bernadette ọ̀gá rẹ̀ máa ń wí. Orí Noreen á sì wú.

Oṣù karùn-ún ni wọ́n gbé Wilf Hindmarsh dé. Awakùsà ni nígbà tí wọ́n ṣì ń wa kùsà ládùúgbò náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń rìn dáadáa, àmọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "Rárá" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Kò bímọ, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lọ́nà jíjìn ní Ọsirélíà. Láti Sọ́ńdè títí di Fúráídè, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán Sátidé, Wilf ò ní lè jókòó sójú kan. Á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á wojú ọ̀run, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á fa gbogbo aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sá sórí okùn sílẹ̀, á gbé agolo bisikíìtì, á sì máa mì í. Ẹni tó bá jáde lọ bá a, á lé e wọlé: "Rárá! Rárá!"

Gbogbo rẹ̀ ni Noreen kọ. Wilf wojú ọ̀run tẹ̀rùtẹ̀rù. Ó fa aṣọ lulẹ̀ tìbínútìbínú. Ó ń mi agolo tìjayàtìjayà. Sátidé mẹ́fà gbáko ló kọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbádùn kíkọ ọ́, kí n má parọ́.

Nígbà tí Arábìnrin Pallister, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ní kánsù, wá, ó ka ìwé náà, ó pa á dé, ó mí kanlẹ̀. "Ọkàn ọkùnrin yìí ò balẹ̀ rárá. Ó máa ṣe ara ẹ̀ léṣe lọ́jọ́ kan." Ó ní òun máa gbé e lọ sí ilé kan lẹ́yìn ìlú Darlington, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn pa, tí kò sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n á sì máa fún un ní oògùn tí á jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó fọwọ́ sí i. Noreen wo ìwé náà. Kò sẹ́lòmíì tó kọ ọ̀rọ̀ Sátidé Wilf síbẹ̀, òun nìkan ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń sá aṣọ nígbà tí Wilf dé, tó sì di aṣọ funfun náà mú.

"Wilf, ẹ jọ̀ọ́ o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni!"

Wilf nàka sójú ọ̀run. Ó ki ìka méjì bọnu, ó súfèé, ó mi agolo. Ìgbà tí Noreen gbọ́ súfèé yẹn, ó dúró sojú kan. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti padà di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ẹ̀yìnkùlé wọn, bàbá rẹ̀ dúró ti ilé ẹyẹlé, ó ń súfèé, ó ń mi agolo oúnjẹ ẹyẹ láti fi pè wọ́n wálé, ó sì ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀: "Hilda! Kó aṣọ yẹn wọlé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n padà sí Faransé ni?" Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé èèyàn kì í sáṣọ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹyẹlé bá ń sáré ìdíje bọ̀ láti ibi jíjìn bíi Faransé. Tí aṣọ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tàbí tí èèyàn ń rìn kiri, ẹ̀rù á ba ẹyẹ, kò ní bà, ẹyẹ tí ò bà ò sì lè gba ipò kankan. Noreen kórìíra àwọn ẹyẹlé yẹn débi pé ó ti lé wọn kúrò lọ́kàn pátápátá. Bernadette ní tirẹ̀, ará ìlú Liverpool ni, kò dàgbà ládùúgbò yìí, kí ló fẹ́ mọ̀?

"Wilf, ṣé ẹyẹlé lẹ̀ ń retí?"

Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ní Mọ́ńdè, Noreen pe Arábìnrin Pallister ní kánsù lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó fúnra yín ní Sátidé."

"Noreen, mi ò kì í ṣiṣẹ́ Sátidé. Mo sáà ti ka ìwé yín."

"Ìwé yẹn gan-an ni ìṣòro. Ọkùnrin yẹn wojú ọ̀run, òótọ́ ni. Tẹ̀rùtẹ̀rù yẹn, èmi ni mo fi sí i. Mi ò sí nínú ọkàn ẹ̀." Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́.

Arábìnrin Pallister wá. Noreen gba agbòjò aláwọ̀ yẹ́lò ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sí kíṣìnì kó má baà dẹ́rù ba ẹyẹ, ó sì to obìnrin náà àti Bernadette sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí aṣọ kankan lórí okùn.

"Ẹ má mira o."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi dé."

"Ó ń ṣe mí bíi kí n sín," ni Bernadette wí.

"Gbé e mì!"

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹyẹ mẹ́ta yọ lókè. Wilf mi agolo. Lódìkejì ọgbà, níbi táwọn àgbàlagbà kan ṣì ti ń sin ẹyẹlé, ẹnì kan ń mi tiẹ̀ náà. Àwọn ẹyẹ náà yí po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bà sórí ilé ẹyẹlé tó wà lọ́hùn-ún.

"Wọ́n dé," ni Wilf wí.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé agolo kalẹ̀, ó kọjá láàárín àwọn obìnrin náà, ó wọlé lọ jókòó, ó sì nàka sí ìkòkò tíì. Arábìnrin Pallister wò ó títí. "Kò ní lọ síbì kankan," ó wí. Noreen jókòó sórí agbọ̀n aṣọ, ó sunkún, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ìgbà téèyàn sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ṣí ìwé búlúù. "Wilf wojú ọ̀run. Ẹyẹlé dé. Wilf wọlé wá mu tíì." Ó kà á, ọwọ́ ń yún un láti fi bí Wilf ṣe wọlé kún un. Ó yọjú wo Wilf. Ọkùnrin náà ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, agolo bisikíìtì wà lórí itan rẹ̀. Noreen pa ìwé náà dé.