Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Fọ Kòrónà Kúrò Lára Tòmátì

Òórùn bílíìṣì ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kì í ṣe èyí tó máa ń rọra jáde lára aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn, èyí tí ń gbé inú yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ ni mò ń sọ, tí ń ta ènìyàn nímú, tí ń ta ojú bí ẹni pé àlùbọ́sà ni wọ́n ń gé nítòsí. Gbogbo ilé wa ní Ọ̀tà ló ń rùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún kòrónà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń rùn, kọ́kọ́rọ́ ń rùn, kódà ẹ̀bà tí à ń jẹ ní òórùn náà díẹ̀díẹ̀ nínú. O wà láyé nígbà náà, o mọ bí nǹkan ṣe rí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé tèmi.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló sì há sí nígbà tí ìjọba ti ọ̀nà pa. Ìyá tèmi wá láti Ṣakí kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun ó lò, àfi bí kòrónà ṣe dé tí kò sì lè padà sílé mọ́. Bó ṣe ku èmi àti ìyá mi nínú yàrá kan àti pálọ̀ nìyẹn. Ìyá mi ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí eruku bá fẹ́ díẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bíi fèrè. Bí rédíò sì ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lálẹ́, pé àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí èémí wọn kò dá ṣáká ni kí á máa ṣọ́ jù. Lójú tèmi, ìyá mi ni wọ́n ń bá wí.

Mo wá sọ ara mi di ọlọ́dẹ ilé. Ohunkóhun tó bá ti ọjà dé kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀. Èyí tó bá jẹ́ gbígbẹ, bíi gààrí àti ẹ̀wà, màá fi kọ́ sára ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èyí tó bá jẹ́ tútù, màá rì í sínú omi tí mo bu bílíìṣì sí, nítorí pé ohùn ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù, ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ìyá mi jẹ ata tí mo fọ̀ lọ́jọ́ kan, ó tutọ́, ó ní, "Àjàní, ata yìí ń rùn bí ilé ìwòsàn." Mo ní kí ó má bínú, pé nítorí rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí wọ́n gbà wá láyè láti jáde ra oúnjẹ. Mo gba ọjà Ṣàngó lọ, nínú ìlú Ọ̀tà náà. Mo rò pé èrò kò ní pọ̀, àṣé gbogbo ayé ló ti ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ bíríìjì, ènìyàn ń gún ènìyàn, ìbòmú àwọn kan wà lágbọ̀n, ti àwọn kan wà lápò. Mo ra gààrí, mo ra tòmátì, mo ra ata àti ẹja. Mo yà ní ilé kẹ́míìsì, mo ra oògùn tí ìyá mi máa ń fà sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń tán lọ. Bí mo ṣe ń jáde ni ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, kò bo ẹnu. Mo mọ atẹ́gùn rẹ̀ lára ọrùn mi, mo sì rí omi tó ta sára ọ̀rá tòmátì.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò lè ṣàlàyé ẹ̀rù tó bà mí. N kò lè wọ kẹ̀kẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí ọ̀rá wọ̀nyẹn má baà kan ara mi, bí ẹni gbé ejò. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń rí ìyá mi nínú pósí, tí àwọn tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ń gbé e lọ, tí wọn kò sì jẹ́ kí n sún mọ́ ọn.

Nígbà tí mo délé, mo fi gààrí àti oògùn kọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin mi, mo wẹ̀, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná. Mo ti ilẹ̀kùn tó já sí pálọ̀, mo sì ti fèrèsé. Mo bu bílíìṣì sómi. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe sín, ó wá dà bí ẹni pé bílíìṣì nìkan kò tó. Ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ní bí ọ̀kan bá ń pa kòkòrò, méjì á pa ìyá kòkòrò. Mo dà á sí i.

Omi náà hó. Èéfín kan gbéra nínú abọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa, ó dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Bí mo ṣe mí sínú báyìí, ó dà bí ẹni fi ọ̀bẹ gbígbóná há mi lọ́fun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, omi dà lójú mi, n kò rí ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà mọ́. Ìyá mi gbọ́ ikọ́ mi láti pálọ̀.

"Àjàní! Kí ló dé?"

Mo fẹ́ kígbe pé kó má wọlé, ohùn kò jáde. Ó ṣílẹ̀kùn. Èéfín náà kọjá lára mi lọ bá a lójúkojú.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fara ti ògiri, ó di àyà mú, ètè rẹ̀ ti ń yí padà. Mo fà á mọ́ra, mo gbé e, mo sáré gbé e jáde sí àgbàlá. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo gbé e jókòó sórí pèpéle, ó ń wúkọ́, ó ń wá èémí, àyà rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde, síbẹ̀ kò jọ pé nǹkan kan ń wọnú rẹ̀. Mo sáré wọlé lọ mú oògùn rẹ̀ ti àtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó ti tán.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. O mọ ohun tí ikọ́ túmọ̀ sí nígbà yẹn. Obìnrin kan ké látinú yàrá rẹ̀ pé, "Ẹ gbà wá o, ó ti wọnú ilé wa!" Onílé wa, bàbá arúgbó kan tí a ń pè ní Àlàájì, yọjú lójú fèrèsé òkè. "Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ wọn o!" Lòun náà bá ti fèrèsé rẹ̀ gbàgà. Ilé tí ènìyàn kì í ráyè sùn nítorí ariwo wá dákẹ́ rọ́rọ́, ikọ́ ìyá mi nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mo dúró láàárín àgbàlá, mò ń yí kiri bí adìẹ tí wọ́n so lókùn. N kò rántí oògùn tuntun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Ọlọ́run ti gbọ́ mi, n kò rántí. Òfin ọjọ́ mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ti gbé e kúrò lọ́kàn mi.

Obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló jáde. Nọ́ọ̀sì ni, àgbà obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni. Ó so ìbòmú, ó ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó dúró, ó gbóòórùn aṣọ mi.

"Kí lo pò pọ̀?"

"Bílíìṣì… àti ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Kì í ṣe kòrónà! Èéfín ló fà símú! Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá yìí ní ásímà, àbí? Oògùn rẹ̀ dà?"

"Ó ti tán."

"Ṣé kò sí òmíràn ni?"

Ìgbà tó bi mí bẹ́ẹ̀ ni iyè mi tó sọ. Mo fò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi eyín ya ọ̀rá, èmi tí kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó mì ín, ó fín in sí ìyá mi lẹ́nu, ó ní kí ó rọra fà á, kí ó dì í mú díẹ̀. Ó tún fín in. Ó ní kí n bu omi wá, ó fi ṣan ojú rẹ̀, ó bọ́ bùbá tí èéfín ti wọ̀ lára, ó fi ìró tirẹ̀ bò ó. Èémí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣùgbọ́n fọnfọn náà kò lọ. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yá, pé irú èéfín bẹ́ẹ̀ lè tún padà wá jà lẹ́yìn tí ènìyàn bá rò pé ó ti tán.

Mọ́tò wo ló wà níta lọ́jọ́ náà? Kò sí. A ṣì ń wò yíká ni Àlàájì sọ̀kalẹ̀. Ó ti fi láwàní bo imú àti ẹnu, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ mú. "Ẹ gbé e wọlé," ni ó wí. "Ẹ ṣí gbogbo gíláàsì." Nọ́ọ̀sì bá wa wọ mọ́tò, a gba Ṣàngó lọ. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì sáré yà fún wa. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹni tó di ohun èlò tó dà bí ìbọn mú, tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná sí, gbọ́ ikọ́ ìyá mi, ó fà sẹ́yìn. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì. Nọ́ọ̀sì ló sọ̀kalẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé e wọlé láti fún un ní afẹ́fẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé e.

Abẹ́ igi kan níta ni mo dúró sí títí di àkókò ìrun àsàrì. Àlàájì kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó wá jókòó, ó sì jìnnà sí mi díẹ̀. "Mo ti fèrèsé mọ́ yín," ni ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi." Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù náà ló ṣe mí."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá ìyá mi sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ há fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ṣùgbọ́n ó yè. Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn sì dùn mí ju ariwo lọ. Ó ní ọwọ́ ni kí n máa fi ọṣẹ fọ̀ dáadáa bí mo bá ti ọjà dé, àti kí n tó dáná, àti kí n tó jẹun. Ó ní omi lásán tó ń ṣàn ni kí n fi máa fọ tòmátì àti ata, pé bílíìṣì kì í ṣe ohun tí à ń fi sí oúnjẹ, àti pé bí mo bá ń lò ó fún ilẹ̀, kí n ṣí fèrèsé, kí n má sì pò ó mọ́ ohunkóhun láéláé. Kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí ǹ bá ti bi í láti ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, nítorí yàrá rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí tèmi.

Nígbà tí àwọn àbúrò mi pè lórí fóònù, ìyá mi sọ fún wọn pé atẹ́gùn ló kó sí òun láyà. N kò lè bi í léèrè nígbà náà. Ó tó ọdún bíi mẹ́ta kí n tó lè bi í, ní Ṣakí, níbi tí a jókòó sí lójúde, tí òun ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màámi, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀rù ikú bà yín?"

Kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀wà. "Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ti ikú. Ojú rẹ ni mò ń wò. Mo ní bí mo bá kú báyìí, ọmọ yìí á rò pé òun lòun pa mí, á sì máa gbé e kiri títí ayé rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń fi tipátipá mí."

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ti ń rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ ní gbogbo àkókò yẹn, pẹ̀lú òfin mi àti abọ́ omi mi. Àṣé nígbà tí kò tiẹ̀ rí èémí mí, èmi ni ó ń ṣọ́.