Ilé Tí Verlin Haugstad Fà Gun Òkè Bighorn

Ogójì ọdún ni Verlin Haugstad fi wa ọkọ̀ ọkà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ Nebraska. Kò ní ìjàǹbá kankan rí. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Ardith ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ta ilé wọn, wọ́n ra ilé onítáyà tí píkọ́ọ̀pù máa ń fà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba orí òkè Bighorn kọjá.

Ẹni tó tà á fún wọn ní píkọ́ọ̀pù wọn lè fa páùn 10,000. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọkọ̀ lè fà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó lè rù. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ló sọ èyí tó lè rù, àtènìyàn àtẹrù: páùn 1,480. Orí ilé náà nìkan, níbi tó ti gbé ara lé ìkọ́ píkọ́ọ̀pù, jẹ́ 1,050. Ẹ wá fi tọkọtaya náà kún un, àti ajá wọn, àti jẹnẹrétọ̀, àti àpótí irin iṣẹ́. Ìdí píkọ́ọ̀pù fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Verlin ra àpò afẹ́fẹ́, ó tì í sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ìdí ọkọ̀ fi gbéra. Ó pè mí wá wò ó.

"Wò ó, ó ti dọ́gba. Kí lo tún fẹ́ wí, ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ọ́ńkù, ìdí ọkọ̀ lẹ gbé sókè, ẹ ò gbé ẹrù kankan kúrò. Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n."

A gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn onítirela. Ó fi 270 kọjá ààlà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Verlin ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kó jẹnẹrétọ̀ àti àpótí irin kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó kó wọn pẹ̀lú gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi sí ìdí ilé onítáyà, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì pátápátá. Ó ti padà lọ wọ̀n ọ́n. Píkọ́ọ̀pù ò kọjá ààlà mọ́.

"Mi ò kàwé tó ẹ, àmọ́ mo rí ohun tí ìwé ẹ ò rí."

"Ẹ ti bà á jẹ́ ju tàná lọ ni. Tí ìdí ilé bá wúwo jù, á máa jù bí ìrù lórí ìsọ̀kalẹ̀, á sì ju ọkọ̀ tó ń fà á nù."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ìwọ tí o ò fa kẹ̀kẹ́ ọmọdé rí!"

Mo bẹ Àǹtí Ardith pé kó wọ mọ́tò tèmi. Búrẹ́dì ló ń dì fún ìrìn àjò, kò gbójú sókè.

"Tí mo bá bá ẹ lọ, á ní mo gba ọmọdé gbọ́ ju òun lọ. Á sì yàn mí lódì fún oṣù kan gbáko. Fi mí sílẹ̀, jàre."

Mo wa mọ́tò tẹ̀lé wọn. Gígun òkè ò le. Nígbà tí wọ́n dé góńgó, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọwọ́ òsì. Àwọn awakọ̀ míì dúró kí bíréèkì wọn tutù. Verlin ò dúró. Bí ọ̀nà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ìdí ilé náà yẹ̀ díẹ̀, ó sì padà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó gba ìlà ojú ọ̀nà kọjá. Mo tẹ fèrè títí. Iná bíréèkì rẹ̀ tàn, ó sì dúró ní títàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé náà fi píkọ́ọ̀pù yí bírí, ó sì là á mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lápá ibi tí Ardith jókòó sí.

Verlin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló bó. Nígbà tí ọlọ́pàá bi í léèrè, ó ní, "Atẹ́gùn ni."

Mo sọ níṣojú ọlọ́pàá náà pé Verlin ló pa Àǹtí Ardith. Ìyá mi ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí n kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mi ò ní kó o jẹ.